Gìtá Olóhùn Méjì

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo àríwá Èkìtì

(Ìró gìtá, láìlo iná.)

Ohùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn, inú igi ló ti wá. Kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Makirofóònù tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí nìkan ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tún gbọ́ eléyìí.

(Ìró gìtá kan náà, pẹ̀lú iná.)

Gìtá kan ṣoṣo ni, ọwọ́ kan náà ló sì ta á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síwájú mi níbí kò ṣe ju pé ó ki wáyà bọ ihò kan nídìí gìtá náà, tó sì yí ìyí kékeré kan. Ohùn àkọ́kọ́ jẹ́ ti pákó: ó gbẹ, ó mọ́, ó sì tètè lọ. Èkejì nípọn, ó ń fà, kò tètè kú. Irú gìtá tó ń ṣe méjèèjì yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Kí ló kan gìtá kan ètò ẹ̀kọ́ wa yìí? Ó ti pẹ́ tí gìtá ti kúrò ní ohun ìṣeré lásán láàárín wa. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan ní Ìkọ̀lé tàbí Ìdó lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣòro kó má rí gìtá níbì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ń gbé e kọ́ èjìká lọ bọ̀ láàárín Ọ̀yẹ́ àti ọgbà wọn kejì ní Ìkọ̀lé. Àwọn òbí a sì máa béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Bàbá, ọmọ mi ní gìtá lòun fẹ́. Wọ́n ní onípákó wà, oníná wà, èyí tó pa méjèèjì pọ̀ náà wà. Èwo ni kí n rà?" Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà yóò gba Èkó kọjá, yóò sì gba ọdún 1949 kọjá. Ẹ fara balẹ̀.

Ara okùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá na okùn gìtá kan sáàárín ìṣó méjì lára ògiri, tí ẹ ta á, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan. Okùn ti kéré jù láti ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Àpótí ló ń sọ ohùn rẹ̀ di ńlá. Okùn ń gbọ̀n, ó ń gbọn eegun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó lé, eegun yẹn ń gbọn pákó iwájú, pákó iwájú ló wá ń ti afẹ́fẹ́ inú àpótí àti ti ìta. Pákó náà kì í sábà nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, nítorí bó bá nípọn jù, kò ní lè gbọ̀n dáadáa. Okùn tó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó tín-ín-rín jù lọ ń lọ sí nǹkan bí ìgbà 330. Àwọn tó ń lu agídìgbo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ kò lóhùn tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, àpótí tí wọ́n dè é mọ́ ló ni ohùn.

Ṣùgbọ́n agbára àpótí ní ibi tó mọ. Nínú yàrá, lábẹ́ igi, nídìí ẹmu, ó tó. Ìgbà tí ìlù wọlé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn atukọ̀ ló gbé gìtá rin etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá àwọn Kúrù láti Làìbéríà, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ta á lọ́nà tó wá di ìpìlẹ̀ orin ìdí ẹmu. L'Ékòó, ní àwọn ọdún 1930, Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin tí gbogbo wa wá mọ̀ sí jùjú. Bánjò ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò nígbà náà, tàbí gìtá tí wọ́n fi awọ bò lójú bíi bánjò. Ìdí rẹ̀ kò farasin: awọ a máa dún kíkankíkan ju pákó lọ, ohùn tó máa yọ láàárín ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni wọ́n sì ń wá.

Nígbà tó di nǹkan bí 1948, gángan wọ inú jùjú. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ti onígángan rí mọ̀ pé kì í ṣe ìlù tó ń tọrọ àyè. Apá bánjò kò ká a mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1949, ni Àyìndé Bákàrè, ọmọ Lafiaji l'Ékòó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìlọrin, wá dá ọgbọ́n kan. Ó wá makirofóònù kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò, tí kì í gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́ bí kò ṣe láti ara igi tó ń gbọ̀n. Bánjò kékeré tó ń lò kò ní ibi tí nǹkan náà lè jókòó sí. Ló bá gbé bánjò sílẹ̀, ó mú gìtá onípákó, èyí tí àwọn olórin ń pè ní box guitar títí dòní, ó so makirofóònù náà mọ́ ọn, ó sì fi wáyà gbé ohùn rẹ̀ wọ ampilifáyà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé Bákàrè ló mú gìtá oníná wọ jùjú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa: àpótí pákó ni, iná sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá pa ampilifáyà, gìtá náà ṣì ń dún. Gìtá olóhùn méjì ni, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń rí lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní nǹkan tuntun. Kì í ṣe Bákàrè ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ láyé o. Ilé iṣẹ́ DeArmond ní Amẹ́ríkà ti ń ta ẹ̀rọ tí ènìyàn lè so mọ́ gìtá láti àwọn ọdún 1930. Síbẹ̀, ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ Gibson tó gbé gìtá onípákó rẹ̀, J-160E, jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ iná tí wọ́n ti kàn mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Òun ni John Lennon àti George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles rà ní 1962. Ẹ ka ọdún wọ̀nyẹn fúnra yín. Ọ̀rọ̀ ìdíje kọ́ ni mo ń sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé àìní kan náà ló bí ọgbọ́n kan náà. Ohùn igi dùn, ìlù bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní pàdánù igi.

Lẹ́yìn ìyẹn, gìtá oníná gidi gba òde. Nínú orin highlife, tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ló wà níwájú. Ọmọ ilẹ̀ wa níbí ni Victor Ọláìyá: Calabar ni wọ́n bí i sí ní 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà-Isù lágbègbè Ìkọ̀lé làwọn òbí rẹ̀ ti wá, òun ló sì dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Nínú ẹgbẹ́ tí irú tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wà, bí gìtá kò bá ní iná, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé onígìtá wá sóde lọ́jọ́ náà. I. K. Dáíró ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, àti King Sunny Adé tó gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, gìtá oníná ni tiwọn. Mi ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Orin tí a fi ṣe ìgbéyàwó wa ni. Ṣùgbọ́n ohùn pákó kúrò nínú jùjú, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Kí ló gbé ohùn pákó lọ? Òòfà ni. Gìtá oníná kì í fi àpótí ṣiṣẹ́. Abẹ́ okùn rẹ̀ ni wọ́n gbé òòfà sí, wọ́n wá wé wáyà bàbà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ yí òòfà náà ká, nígbà mìíràn tó nǹkan bí ìgbà 8,000. Pickup lorúkọ rẹ̀. Bí okùn irin bá ń mì lókè òòfà, agbára òòfà tó ń gba àárín wáyà kọjá yóò máa yí padà, ìyípadà yẹn ló ń bí iná sínú wáyà. Iná kékeré ni o, kò lè tan gílóòbù; ampilifáyà ló ń sọ ọ́ di ńlá. Gìtá Rickenbacker tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1932 wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Òfin kan náà tó ń bí iná sínú wáyà gìtá ló ń mú kí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín pèsè iná. Àwọn tó ń wé wáyà fáànù ní Ìkọ̀lé àti Ifàkì mọ iṣẹ́ yìí. Wáyà tiwọn ló kàn nípọn ju èyí lọ. Bí ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní ọgbà Ìkọ̀lé bá ń wá ohun tó máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, mo ti fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé irin nìkan ni òòfà ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi okùn ọ̀rá sí gìtá oníná, kò ní dún rárá nínú ampilifáyà. Ìrè kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́, ẹ̀yin ará Ìrè, ẹ ti mọ ẹni tó ni irin. A jẹ́ pé ó ní ìpín nínú gìtá náà. Bí òòfà kò ṣe gbọ́ ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ igi. Ìgbọ̀nrìrì okùn ló ń kó, kò mọ ohun tí pákó iwájú ń ṣe. Ẹ lè fi igi tó dára jù lọ nínú igbó ṣe gìtá, òòfà kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ fún yín.

Ohun mìíràn la nílò láti gbọ́ igi. Ní 1880, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, rí i pé àwọn òkúta kan wà, bíi quartz, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá tẹ̀ wọ́n, iná á jáde lára wọn. Ẹ̀rọ gáàsì tó máa ń dún "tá!" tí iná á sì ràn láìsí bátìrì, agbára yẹn ló ń lò. Piezo ni wọ́n ń pè é. Nínú gìtá, wọ́n fi í ṣe ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n wá tẹ́ ẹ sábẹ́ eegun funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Okùn ń tẹ eegun, eegun ń tẹ piezo, pákó náà ń fi ìgbọ̀nrìrì tirẹ̀ kún un. Irú okùn yòówù kó jẹ́, ìbáà ṣe ọ̀rá, yóò dún. Iná tó ń jáde lára rẹ̀ kò lágbára, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá láti tì í lẹ́yìn, bátìrì volt 9 ló sì sábà máa ń gbé ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ Ovation, tí Charles Kaman, ẹni tó ń ṣe hẹlikópítà, dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀.

Ó kù síbì kan: kí a fi òòfà àti piezo sára gìtá kan náà. Gìtá Parker Fly ṣe é ní 1993. Fender gbé Acoustasonic jáde ní 2019. Ti ìyẹn tilẹ̀ kọjá òòfà àti piezo, ó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú tó ń fara wé ohùn oríṣiríṣi àpótí, bátìrì rẹ̀ sì ni wọ́n ń chájì. Owó wọn kò kéré, mi ò sì rò pé ó yẹ kí òbí kankan ta oko nítorí wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wa yìí rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: box guitar tó ní piezo láti ilé iṣẹ́, tí ó wá ra pickup olóòfà sí i, tó fi há ihò àárín rẹ̀. Ẹ gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

(Ìró piezo nìkan. Ìró òòfà nìkan. Ìró méjèèjì pọ̀.)

Mo bi í pé báwo ló ṣe pín wọn. Ó ní: "Ti òòfà ló pọ̀ jù, sà. Bí mo bá fi ti piezo sílẹ̀ jù, ó máa ń ta létí, pàápàá bí mo bá ta okùn kíkankíkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ ò ní mọ̀ pé igi ni." Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Piezo olówó pọ́ọ́kú a máa ta létí lóòótọ́, òòfà ló ń bù ú lómi.

Ọ̀tá gìtá onípákó tó ní iná ni ariwo "hùùù" tí ẹ máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ìjọ á ti etí wọn, tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ohùn á sì máa sáré yí gbogbo ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà. Kì í ṣe àmì ẹ̀mí kankan. Ohùn tó jáde láti inú sípíkà ló padà wá gbá pákó iwájú gìtá. Pákó gbọn okùn. Okùn rán ohùn padà sínú sípíkà. Sípíkà tún gbá pákó. Ó di àyípo, ìṣẹ́jú àáyá kan tó fún un láti di igbe. Gìtá oníná tí ara rẹ̀ le kì í ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní àpótí tó máa gbọ̀n. Nítorí ariwo yìí náà ni Gibson ṣe fi pákó alápapọ̀ tó le ṣe iwájú J-160E, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kù. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí onígìtá má kọjú sí sípíkà, kó má sì dúró níwájú rẹ̀. Ọmọrí rọ́bà kan tún wà tí wọ́n fi ń dé ihò gìtá; kì í wọ́n. Bí ìyẹn kò bá tó, kí wọ́n dín ohùn ìsàlẹ̀ gìtá kù lójú ẹ̀rọ, nítorí ibẹ̀ ni igbe náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá àwọn òbí lóhùn. Bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra box guitar tó ti ní piezo nínú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní gìtá oníná ló bá ìgbà mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní Adó. Níbi tí àwa wà yìí, iná lè lọ kó má padà fún ọ̀sẹ̀ kan, epo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí lọ́fẹ̀ẹ́. Gìtá oníná tí kò rí iná kò wúlò fún ọmọ tó yẹ kó fi wákàtí kan kọ́ ìka rẹ̀ lójúmọ́. Onípákó á dún nínú òkùnkùn. Bó bá di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó ní ihò tí wọ́n á ki wáyà bọ̀. Gìtá olóòfà lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ọmọ bá ti mọ ohun tó ń wá.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má rà á láìki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ ampilifáyà, kí ẹ sì ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà tí èyí tó kù ń pariwo, piezo kò jókòó dáadáa lábẹ́ eegun tàbí kó ti bàjẹ́. Ẹ mi wáyà ní ìdí ihò náà díẹ̀. Bí ohùn bá ń já, ihò náà ti jẹ. Ẹ ṣí ilé bátìrì wò, nítorí bátìrì tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ a máa ṣomi jáde, omi yẹn a sì máa jẹ irin tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé wáyà tí wọ́n kì bọ gìtá ló ń tan ẹ̀rọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣíwọ́ orin tí wáyà ṣì wà níbẹ̀, bátìrì ń lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ yọ ọ́.

Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀ o. Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ sún mọ́ ọ̀dàn ju gúúsù Èkìtì lọ, ọyẹ́ wa sì gbẹ. Pákó iwájú tí kò nípọn yẹn a máa sún kì, a sì máa là, pàápàá bó bá jẹ́ igi ojúlówó odindi. Gìtá onípákó alápapọ̀ tí àwọn olówó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú a máa fara da ọyẹ́ jù ú lọ. Ẹ máa tọ́jú gìtá sínú àpò rẹ̀. Ẹ mú ike ọṣẹ, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ fi fóòmù tí ẹ ti rẹ sómi, tí ẹ sì ti fún omi rẹ̀ dànù sínú rẹ̀, kí ẹ fi sínú àpò náà. Ẹ má fi í sínú gìtá fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ iná bá wà níbẹ̀.

Olùgbọ́ kan kọ̀wé pé òun ní box guitar àtijọ́ kan tí kò ní ẹ̀rọ kankan, ṣé kí òun tà á kí òun ra tuntun. Rárá o. Ẹ wá piezo pẹlẹbẹ tó rí roboto, èyí tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ ara pákó. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù tó ṣeé yọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú gìtá nítòsí eegun, kí ẹ ta gìtá, kí ẹ gbọ́. Ẹ sún un díẹ̀, kí ẹ tún gbọ́. Bó bá sún mọ́ eegun jù, ohùn á le. Bó bá jìnnà jù, á di wúruwùru. Bí ẹ bá ti rí ibi tó dára, ẹ gbé e gba inú ihò gìtá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ibẹ̀ gan-an, kí ẹ sì de wáyà rẹ̀ kó má bàa máa gbá pákó. Iṣẹ́ tí Àyìndé Bákàrè ṣe ní 1949 nìyẹn, ampilifáyà tiyín sì dára ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa á ta orin kan fún yín báyìí, ìyí méjèèjì ṣí.

(Ìró gìtá títí ètò fi parí.)